Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Gbé Kóró Adágbé Jáde Nínú Irà Ńlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi ná kí ọ̀rọ̀ tó gbóná. Wọ́n ní adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Èmi mọ ara mi ní tèmi. Èmi ni Ọdẹ́sànyà ọmọ Ọdẹ́tóògùn, ọdẹ Ìdó-Àbàtà, ẹni tó ń rìn lórí irà tí ẹrẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kó rì díẹ̀, ẹni tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹfọ̀n méjì ṣubú, tí ẹ̀kẹta sì dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n má baà fi ọta ṣòfò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọdẹ tí kò bá lè fi irọ́ díẹ̀ ṣe iyọ̀ sí ẹran tó pa, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í dùn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, ẹnu mi ló sì ru ẹrù rẹ̀ wálé.

Kí ẹ tó mọ ohun tó gbé mi wọ irà ńlá lọ́dún náà, ẹ ní láti mọ igi tí à ń pè ní adágbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí ẹ fi igi inú omi hàn mí, abura lẹ ó nawọ́ sí, tàbí ògùrọ̀. Adágbé yàtọ̀. Inú irà tiwa nìkan ló ti ń hù. Bí wọ́n bá gbé kóró rẹ̀ lọ sí ìlú kejì, á kú sọ́nà. Inú omi ló ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ tó ti hù, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń ká sókè lójú omi bí eékún àwọn àgbààgbà tó jókòó sípàdé. Ara ìtì rẹ̀ gan-an ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, funfun báláú, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Pákó rẹ̀ kì í rà. Àìkì-í-rà yìí gan-an ló pa á. Àwọn bàbá wa ń gé ọ̀kan, wọ́n ń fi mẹ́wàá sílẹ̀. Àwa gé mẹ́wàá, a fi ọ̀kan sílẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta a rántí pé a gbàgbé ọ̀kan, a padà lọ gbé e. A fi ṣe ọkọ̀, a fi ṣe ilẹ̀kùn, a fi ṣe odó. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ṣe ilé adìyẹ. Ìgbà tó tán ni omi tó wá mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń di òun lọ́wọ́ mú mọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, odò á wọ ilé wa láìkan ilẹ̀kùn. Oko kókò Àwẹ̀ró ìyàwó mi tó wà lẹ́yìn ilé rì sómi lọ́dún méjì léra wọn. Ẹja tó máa ń yé ẹyin sáàárín gbòǹgbò wọ̀nyẹn kó lọ síbi tí a kò mọ̀.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan fi dé láti ìlú òkèèrè. Wọ́n fi awò wo ewé, wọ́n fi okùn wọn ẹrẹ̀, ẹ̀fọn jẹ wọ́n títí ojú wọn fi wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún Kábíyèsí pé igi adágbé kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run àfi ní Ìdó-Àbàtà, àti pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ìlú hó yèè! Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń hó fún. N kò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́ apá kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, Kábíyèsí ti dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá sílẹ̀, Ìgbìmọ̀ Adáàbòbò Adágbé. Olóyè Kásìmáwò ni wọ́n fi ṣe alága, ẹni tó jẹ́ pé òun ni olórí àwọn agégẹdú, tó sì gé adágbé ju gbogbo wa lọ. Ẹnu ya àwọn kan, ṣùgbọ́n Olóyè ṣàlàyé pé olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbìmọ̀ náà pàdé lẹ́ẹ̀meje. Ní ìpàdé méjèèje, ohun tí wọ́n máa jókòó lé ni wọ́n sọ. Wọ́n ní kò bójú mu kí ìgbìmọ̀ igi tó gbajúmọ̀ tó báyìí máa jókòó sórí àga ike. Ní ìpàdé keje ni wọ́n fẹnu kò pé àga méjìlá àti tábìlì gbọọrọ kan ni àwọn fẹ́, adágbé ni kí wọ́n sì fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

“Ọdẹ́sànyà,” Olóyè Kásìmáwò ní, “a gbọ́ pé o lè dé ibi tí ẹlòmíràn kò lè dé. Bá wa wá adágbé tó bá kù nínú irà ńlá.”

“Kí ẹ lè dáàbò bò ó, Bàbá?”

“Kí ni ìbá tún jẹ́? A ó gé e, a ó fi ṣe àga, a ó sì jókòó lé e láti dáàbò bò ó. Ta ló máa jí i gbé lábẹ́ ìdí wa?”

Mo wo ojú Kábíyèsí. Kábíyèsí ń wo àjà. Wọ́n ní bí mo bá rí i, oyè Aṣípa Ọdẹ di tèmi. Bí n kò bá rí i, kí n má tún gbé ìbọn wọ igbó ìlú mọ́. Wọ́n ní kí n máa fi àdá ṣá igi lára bí mo bá ti ń lọ, kí àwọn agégẹdú lè tọ ipa mi. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin ènìyàn mi: oyè náà dùn mọ́ mi. Mo ti ń kọ́ bí Aṣípa ṣe ń rìn kí n tó délé.

Àwẹ̀ró ló ń gbọ́n omi kúrò nínú ààrò rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́yalé, ẹ fẹ́ lọ wá èyí tó kù rí kí wọ́n lè gé e, kí ó lè wá tán pátápátá?”

Mo ní, “Obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ oyè.”

Ó ní, “Lóòótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ omi ni mo mọ̀.” Ó tún gbé igbá rẹ̀, ó ń gbọ́n omi lọ.

N kò ní fi iye ẹ̀kọ tí mo dì dání dà yín láàmú, tàbí bí mo ṣe sùn lórí ẹ̀ka igi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eṣúṣú ṣe ń jẹni, kó wọ irà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, tí oòrùn ti gòkè dáadáa, tí mo ti ṣá igi tó igba lára, mo dé ibìkan tí omi dúdú bí aró, tí ohun kan sì dúró dí ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ pè é ní igi. Ẹsẹ̀ mọ́kànlá ló ní, gbogbo wọn gún wọnú ẹrẹ̀ bíi gbòǹgbò. Àyà rẹ̀ le bí èèpo alákàn, irùngbọ̀n ewéko tútù gùn dé ìdodo rẹ̀, ìṣàwùrú sì ń rákò nínú rẹ̀ lọ rákò bọ̀. Oníbodè Irà nìyẹn. Ó la ojú kan, ó ní, “Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, níbo lò ń lọ?”

Mo ní, “Èmi ni Ọdẹ́sànyà, ẹni tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹfọ̀n mẹ́ta—”

“N kò bèèrè orúkọ, n kò sì bèèrè ẹfọ̀n. Àlọ́ méjì ni mo ní. Bí o bá mọ ọ̀kan, wàá kọjá bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá mọ ìkankan, wàá fi nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dúró nínú omi fún igba ọdún, ara rẹ̀ le koko. Ọjọ́ tó gòkè odò ló kú. Kí ni?”

“Ẹja!” Mo yára dáhùn kí ó má baà rò pé mo ń ronú.

“Ẹja wo ló ń dúró?” Irùngbọ̀n rẹ̀ mì, ìṣàwùrú méjì já bọ́ sómi. “Èkejì rèé. Ó pa á tán, ó wá ń dárò rẹ̀, ó sì ń bi àwọn aládùúgbò pé ta ló pa á. Kí ni?”

Mo ronú sí èyí. Mo ní, “Ẹkùn ni.”

“Ẹkùn a pa, ẹkùn a jẹ, ẹkùn a lọ sùn. O ti gbọ́ rí pé ẹkùn dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀?”

Mo ní kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ṣé àdá ni àbí ìbọn. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi irin ṣe nínú omi. Ó ní irọ́ mi ni kí n fi sílẹ̀. Kí n tó lè yẹra, ó ti ki ọmọ ìka méjì bọ̀ mí lẹ́nu, ó mú orí nǹkan kan lábẹ́ ahọ́n mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni ń fa okùn jáde lára imọ̀ ọ̀pẹ. Ó fà á, ó fà á, oòrùn yẹ̀ kúrò láàárín orí kí ó tó tán. Ó ká a jọ, ó tóbi ju elégédé lọ. Àwọn ẹfọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, mo rí ìwo wọn. Ó gbé e kọ́ èjìká rẹ̀ kan, ó sì yà fún mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọkùnrin bí èmi kì í bẹ̀rù. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.” Ó ní òun mọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kò tíì rí ìyà títí ẹ ó fi rí ọdẹ tí kò lè purọ́. Mo ń lọ nínú omi bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Kò pẹ́, igbó là, mo rí adágbé.

Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó dúró láàárín omi, ìdí rẹ̀ tó ilé yàrá mẹ́rin, òdòdó funfun bo ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Omi tó yí i ká mọ́ gaara, mo ń rí àwọn ẹja tó ń fi ìrù gbá ara wọn láàárín gbòǹgbò. Ogún ọdún ni n kò ti gbọ́ òórùn yẹn. Ẹsẹ̀ mi dá dúró fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni mo tó gbọ́ ariwo tó wà lórí rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo adágbé ló ní iwin tirẹ̀? Bí a ṣe ń gé igi, iwin ń di aláìnílé, gbogbo wọn ló sì kó wá sórí ọ̀kan tó kù yìí bí ayálégbé. Iwin mẹ́ta ló wà nínú ihò kan. Àwọn kan na okùn sórí ẹ̀ka, wọ́n sá aṣọ. Ọ̀kan ń pariwo pé ta ló gbé ìkòkò òun kúrò lórí ààrò. Òmíràn ní kí ẹni tó wà lókè yéé da omi ìwẹ̀ sí òun lórí.

Ìgbà tí wọ́n rí mi, ariwo dá wáí. Iwin kan tí ojú rẹ̀ wà lórí eékún fò sílẹ̀, ó na ìka sí mi: “Òun nìyí! Òun nìyí! Ilé mi ló fi ṣe ilẹ̀kùn! Ojoojúmọ́ ló ń gbá mi pa gbàgà!”

Wọ́n yí mi ká. Iwin arúgbó kan tí ewú rẹ̀ jẹ́ kìkì ewé ògùrọ̀ gbígbẹ bi mí léèrè pé igi mélòó ni mo ti gé. Mo ti pinnu láti sọ pé méjì. “Mọ́kànlélógún,” ni mo sọ.

“Kí ló dé tí o fi gé wọn?”

“Wọ́n wà níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí n kò bá gé wọn, Kásìmáwò á gé wọn.”

“O mọ̀ pé wọ́n ń tán lọ?”

“Mo mọ̀.”

“Kí lo wá ṣe níbí lónìí?”

“Mo wá wá èyí tó kù, kí wọ́n lè fi ṣe àga fún àwọn tó ń dáàbò bò ó.”

Mo di ojú mi, mo ń retí ikú. Ohun tí mo gbọ́ ni pé iwin arúgbó náà bú sí ariwo: “Ọdẹ tó ń sọ òótọ́! Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?” Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Iwin kan tó ti gbé ayé fún ẹgbẹ̀ta ọdún ní bàbá òun sọ fún òun pé ọ̀kan wà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n pé ẹfọ̀n pa á. “Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run!” ni wọ́n ń sọ. “Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun! A gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó!” Inú mi kọ́kọ́ dùn. Wọ́n gbé mi, wọ́n gbìn mí sínú ẹrẹ̀ dé eékún, wọ́n ní kí n má baà sọ nù. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́tàdínlógún. Ara ń yún mi láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án, gbòǹgbò ló ń yọ. Ewé kékeré kan ti là sí ìgbọ̀nwọ́ mi.

Ìgbà náà ni iwin tí ojú rẹ̀ wà lórí eékún dìde, ó ní ìgbìmọ̀ tó lọ́lá báyìí kò lè máa jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó ní egungun itan ọdẹ náà dára fún àpótí ìjókòó. Òmíràn ní òun fẹ́ ìhà, kí òun lè máa rọ̀gbọ̀kú. Wọ́n ti ń wọn ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú okùn aṣọ.

Mo ké, “Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gé mi, kí lẹ ó wá máa dáàbò bò?”

Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ́n ní kàyéfì. Iwin arúgbó fi sùúrù dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: “A ó jókòó lé ọ ni, láti dáàbò bò ọ́. Ta ló máa jí ọ gbé lábẹ́ ìdí wa?”

Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ láàfin tí n kò janpata sí nìyẹn o. Ní àfin, igi ni wọ́n ń bá wí. Nínú irà, itan mi ni. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ọgbọ́n létí ẹni tó ni ayùn, kó sì jẹ́ wèrè létí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́.

Bí irọ́ mi bá wà lọ́wọ́ mi, mi ò bá ti bọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó yẹ àpò wò tí kò bá ọta, òkúta ni yóò mú. Mo rántí pé ìbéèrè kì í ṣe irọ́. Mo tún ohùn ṣe, mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ta ni yóò jókòó sórí agbárí mi?” Iwin arúgbó ní alága ni. Oníojú-eékún bi í pé ta ló fi í ṣe alága. Ó ní ọjọ́ orí òun ni. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́. Ẹnìkan na ọwọ́ mẹ́fà, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ẹnìkan fi ìrù ti ẹnìkejì sómi. Láìpẹ́, ìkòkò ń fò lókè, àwọn ìgbìmọ̀ aláàbò mi ti ń fi okùn tí wọ́n fi wọ̀n mí fún ara wọn lọ́rùn.

Ọwọ́ kan di mí mú láti ẹ̀yìn. Ìyá Adágbé ni, iwin tó ni igi náà, tí gbogbo àwọn yòókù jẹ́ àlejò rẹ̀. Ara rẹ̀ rí bí èèpo igi, ojú rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ bí ojú ìyá tó ní ọmọ púpọ̀ tí ilé kò gbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já àwọn gbòǹgbò kúrò lẹ́sẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èékánná ọmọńdinrín mi bá èyí tó kẹ́yìn lọ. Ó wọ́ mi lọ sẹ́yìn igi, ó tu kóró méje sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún omi. Wọn ò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ.

“Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti wà lẹ́nu mi,” ó ní. “Igi mi kò ní ẹnìkejì mọ́; ó ń yọ òdòdó, kì í so. Àwọn wọ̀nyí ló gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbẹ fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi ń bó ọsàn kan, wọ́n ti kú. Gbogbo àwọn tó wà lórí mi yìí, mi ò lè bá wọn wí, nítorí bí mo bá la ẹnu mi, irúgbìn á já bọ́ sílẹ̀. La ẹnu rẹ.”

Mo ní, “Ìyá, èmi ni mo gé àwọn ẹbí rẹ.”

“Mo gbọ́. Ta ni mo tún fẹ́ rán? Oníbodè kò lè rìn. La ẹnu.”

Ó tò wọ́n sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ó ní kí n gbìn wọ́n síbi tí omi ti ń wá, tí ó ti ń lọ, kí n sì ba ipa tí mo fi àdá ṣá jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló mí kanlẹ̀, ó yíjú sókè, ó sì bú mọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo irà mì. Mo sá.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Oníbodè, ó ní kí n la ẹnu kí n gba irọ́ mi, ẹrù rẹ̀ ti ń yọ òun lẹ́jìká. Mo mi orí. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wò ó dáadáa, ìṣàwùrú kan ṣoṣo ló já bọ́. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Etí ló gbà ki irọ́ náà bọ̀ mí lórí, ẹfọ̀n àti ìwo. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò tọ ipa mi mọ́. Mo ń ṣá igi lára lápá ọ̀tún, mo ń ṣá a lápá òsì, mo ṣá èyí tó lọ sí ìlà oòrùn, mo ṣá èyí tó yí padà sí ara rẹ̀. Àwọn agégẹdú tọ ipa náà lẹ́yìn náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn, ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ àfin ni wọ́n jáde sí.

Mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ẹmẹ̀wà ti ń dúró dè mí létí odò. Wọ́n gbé mi dé iwájú Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo èmi, èmi tí mo lè fi ọ̀sán gbáko sọ bí mo ṣe pa ọ̀yà kan! Mo ti rí ohun tí ojú kò rí rí, àwọn olóyè méjìlá ń tẹ́tí, oyè Aṣípa wà nílẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ń gun mi láyà bí èébì.

“O rí i?” Olóyè Kásìmáwò bi mí.

Mo mi orí. Àwọn ìgbìmọ̀ kùn.

“Kò sí ẹyọ kan mọ́? Ó ti parun?”

Mo rántí ẹja tó ń gbá ìrù. Mo rántí òdòdó yẹn. Mo mi orí sísàlẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ tó tóbi jù tí mo tíì pa láyé, n kò sì la ẹnu pa á.

Mo rò pé yóò banú jẹ́. Kásìmáwò fẹ̀yìn ti àga ike rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹrù sọ̀ lórí rẹ̀. “Ó dára bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Iṣẹ́ wa ti wá rọrùn. Igi tó wà láyè, ènìyàn á máa gé e, a ó máa ṣàlàyé. Èyí tó ti kú, ta ló tún lè pa á lára? Títí ayé ni ìgbìmọ̀ yìí yóò máa wà.” Ẹnu yà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé kóró kan mì gbìì.

Kábíyèsí ní irà ti mú ọdẹ lóhùn, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ ilé. Wọ́n gba ìbọn mi. Oyè di ti ẹlòmíràn. Kí n tó délé, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè mí ní Ọdẹ Odi.

Àwẹ̀ró rò pé eyín ló ń dùn mí. Ó ti ń wá ewé tí ó máa gún. Mo fa igbá omi rẹ̀ mọ́ra, mo tu kóró mẹ́fà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan mọ́kànlélógún. Kò já mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó gbé igbá náà, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́yalé, ẹ dìde. Oko kókò mi tó rì, ṣebí omi ti ń wá, tó sì ń lọ níbẹ̀?” A jọ wọ ẹrẹ̀, a sì gbìn wọ́n. Méjì rà. Alákàn jẹ ọ̀kan. Mẹ́ta hù.

Ìgbìmọ̀ ní tirẹ̀ kò jókòó lásán. Wọ́n pinnu láti fi sìmẹ́ńtì mọ ère adágbé kan, kí ayé má baà gbàgbé rẹ̀. Kí wọ́n lè rí ibi tí ère náà yóò dúró sí, wọ́n kó yanrìn dí irà tó wà níwájú àfin. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n ṣe ayẹyẹ, Kásìmáwò sunkún lójú gbogbo ènìyàn. Omi tí wọ́n dí lọ́nà náà kò bínú. Ó gba inú ilé àwọn ìgbìmọ̀ kọjá.

Ẹ ń bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi ń tú àṣírí yìí síta. Ẹ lọ sọ ọ́ bí ó bá wù yín. Wọ́n á bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ ó ní ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà lọ nìkan ni n kò ní sọ.

Ní ọdún kẹjọ ni Olóyè Kásìmáwò wa ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn ilé wa, òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ méjì. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ti èyí tó ga jù nínú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti mí. Ó já ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń rin ín bí orín. Òdòdó funfun kan bọ́ sí i léjìká, ó gbọ̀n ọ́n dànù.

“Ìyá Ọdẹ́yalé,” ó ní, “igbó wo rèé? Ó ń bo ojú ère wa lápá kejì odò. Ẹ gé e kúrò.”

Àwẹ̀ró ló kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ létí omi, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Igi ìdáná lásán ni. Ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ ná.”

Olóyè mi orí sísàlẹ̀. Ó ní igi ìdáná wúlò, pé bí ó bá gbó kí a rántí fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé òun. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ọdọọdún ló máa ń ránṣẹ́ wá béèrè. Ọdọọdún ni Àwẹ̀ró ń dá a lóhùn pé kò tíì gbó.